Ìdíyelé ni, kì í ṣe Ìwọ̀n: Èdè-Ìperí fún Fífi Ẹ̀rọ Túpalẹ̀ Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì

0. Ìfáárà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Abúlé Adó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òǹkọ̀wé yìí bá àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń ta. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan nínú wọn ti pàdánù ní ìṣípò kẹwàá. Bí ayò náà ti parí, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, ó sì ní kí ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ fi àmì ìbéèrè méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìṣípò rẹ̀ keje. Ni ó bá kọjú sí wa, ó ní: ‘Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó ní mo ṣì í ṣe. Ọba mi ni mo sì ń gbé pa mọ́. Èwo ni àṣìṣe níbẹ̀?’

A mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n a kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wá sí wa lẹ́nu, bí kò jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, a jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò ṣi ọmọ náà lọ́nà. Ìṣòro yìí ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. A ó gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tí ń túpalẹ̀ ayò ń ṣe. A ó dá àbá àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ ọ ní èdè Yorùbá. A ó sì fi ayò ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yìí dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Kókó ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé òǹkà tí ẹ̀rọ ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n dà bí iye tí a dá lé ọjà. Kì í ṣe ìwọ̀n tí a fi òṣùwọ̀n mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn kò bá fi èyí hàn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gba ohun tí ó yẹ kí ó bi léèrè.

Kò sí àní-àní pé èdè wa lè gbé ẹrù yìí. Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, sì fi ọ̀nà ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ han àwa tí a tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí yóò lo ọ̀rọ̀ tí a ń wá yìí ń pọ̀ sí i. Láti 2018 tí Túndé Ọnàkọ̀yà ti dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ayò yìí ti dé àárín àwọn ọmọ tálákà ní Májídun ní Ìkòròdú àti ní Mákòkó. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sì ta ayò fún ọgọ́ta wákàtí ní New York ní oṣù kẹrin 2024, púpọ̀ nínú àwọn tí kò mọ ṣẹ́ẹ̀sì rí ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí a ṣe ń ta á.

1. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ohun méjì ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí méjèèjì dàrú mọ́ ara wọn.

Èkíní ni ìwákiri. Ẹ̀rọ a mú ipò kan lórí ọpọ́n, a wo gbogbo ìṣípò tí òfin gbà níbẹ̀, a wo èsì tí alátakò lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tún wo èsì sí èsì náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ayò, ìṣípò 20 ni funfun lè yàn nínú wọn, 20 sì ni dúdú lè fi dáhùn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣípò kan péré láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 400 ni ó ti ṣí sílẹ̀. Ńṣe ni ó ń ya bí igi tí ń yọ ẹ̀ka. Ẹ̀rọ kò lè tọ gbogbo ẹ̀ka dé òpin. Ìdí nìyí tí ó fi ń gé èyí tí ó bá ti hàn pé kò lè sàn ju ohun tí ó ti rí lọ.

Èkejì ni pé, níbikíbi tí ìwákiri bá ti dúró, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ẹgbẹ́ tí ipò náà sàn fún àti bí ó ti sàn fún un tó. Claude Shannon, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó la ọ̀nà yìí sílẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó jáde ní 1950. Ó ka ọmọ-ogun sí 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù sí 3, ilé-ìṣọ́ sí 5, ayaba sí 9. Ó sì fi àwọn nǹkan mìíràn kún un, bí àyè tí àwọn ọmọ ayò ní láti rìn. Ní oṣù karùn-ún 1997, Deep Blue, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ IBM, tí ó lè wo nǹkan bí ipò mílíọ̀nù 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, borí Garry Kasparov tí ó jẹ́ ọ̀gá ayò náà lágbàáyé. Ẹ̀rọ ńlá ni tìgbà náà. Ní òde òní, Stockfish, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2008 tí a kì í sì í sanwó fún, ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù ọmọ ìkọ́ṣẹ́, kò sì sí ènìyàn kan tí ó lè bá a dọ́gba mọ́. Láti 2020 ni a ti fi àwọ̀n òǹkà kan kún un, èyí tí a ti fi ipò tí kò níye kọ́ ní ìdájọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ ẹ̀rọ náà gan-an kò lè tọ́ka sí òfin kan kí ó ní, ‘Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí.’

2. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀

A kò ní láti ṣẹ̀dá gbogbo ọ̀rọ̀ ní tuntun. Ayò ọlọ́pọ́n ti fún wa ní púpọ̀. A ń ta ayò. A ń jẹ ọmọ ayò. Ọpọ́n ní ojú. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè. A lè kó gbogbo wọn wọ inú ṣẹ́ẹ̀sì láìsí wàhálà. Ohun kan ni a ní láti kíyè sí. Ọmọ ayò 48 tí ó wà nínú ayò ọlọ́pọ́n kò yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá jẹ púpọ̀ ni ó borí, kíkà sì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ayaba kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, ọmọ-ogun méjì sì lè má tó ara wọn níyì nítorí ojú tí wọ́n wà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tuntun ti di dandan.

Fún orúkọ ẹ̀rọ náà, ‘ẹ́ńjìnnì’ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ṣùgbọ́n létí ará Èkó, ẹ́ńjìnnì ni ohun tí ó wà nínú dánfó àti jẹnẹrétọ̀. Kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà, nítorí pé ìlànà-iṣẹ́ tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà ni. A dá àbá ‘atúpalẹ̀-ayò’, ọ̀rọ̀ tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ ohun tí a fi ṣe é.

‘Ipò-ọpọ́n’ ni a ó pe bí gbogbo ọmọ ayò ṣe wà lójú kan àti ẹgbẹ́ tí ó kàn láti ta. ‘Ìṣípò’ ni ohun tí ó ń sọ ipò-ọpọ́n kan di òmíràn. Bí àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jọ pín ‘ipò’ yóò ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. ‘Ipa-ayò’ ni ìṣípò tí ó tẹ̀ léra tí ẹ̀rọ rò pé ẹgbẹ́ méjèèjì yóò tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó gba ìṣọ́ra: òpin ayò. Àwọn kan ti ń lo ‘ikú ọba’. Yàtọ̀ sí pé ọba kì í kú létí Yorùbá, tí ó jẹ́ pé ńṣe ni ó ń wàjà, ọ̀rọ̀ náà kò bá òfin ayò mu. A kì í jẹ ọba nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé a dojú kọ ọ́, kò rí ọ̀nà sá, kò rí ẹni gbà á sílẹ̀. Nítorí náà a yan ‘ìsémọ́’. Nígbà tí a bá kàn dojú kọ ọba tí ó sì lè bọ́, ‘ìdojúkọ’ ni.

3. Ìwọ̀n, ìgbéléwọ̀n, tàbí ìdíyelé?

A dé orí kókó ọ̀rọ̀ wàyí. Kí ni a ó pe òǹkà tí atúpalẹ̀-ayò ń kọ, bíi +0.40 tàbí −2.10? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń du ipò náà.

‘Ìwọ̀n’ kò dára. Iṣu tí ó bá wúwo tó kìlógíráàmù márùn-ún lórí òṣùwọ̀n kan ní Abúlé Adó, bẹ́ẹ̀ ni yóò wúwo lórí òṣùwọ̀n mìíràn ní Ìbàdàn, bí òṣùwọ̀n méjèèjì bá péye. Òǹkà atúpalẹ̀-ayò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwákiri bá ti ń jìn sí i, òǹkà náà lè yí padà, àtúpalẹ̀ méjì sì lè fún ipò-ọpọ́n kan ṣoṣo ní òǹkà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

‘Ìgbéléwọ̀n’ súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ti ń lò ó fún ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá lò ó níhìn-ín, ọmọ yóò rò pé òun ni ẹ̀rọ ń fún ní máàkì. Ipò-ọpọ́n ni ẹ̀rọ ń wò. Kò mọ ẹni tí ó ta á.

‘Ìdíyelé’ ni a fara mọ́. Ẹni tí ó bá dá iye lé ọjà ń lo ohun tí ó mọ̀ ní wákàtí náà. Bí ó bá tún mọ̀ sí i, iye náà lè gòkè tàbí kí ó wálẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé iye tí a dá lé ọjà, a máa ń ná an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ‘ìdíyelé’ yóò mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà pé òun ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé: Ta ni ó dá a? Nítorí kí ni? Bí mo bá ṣe ti ibòmíràn ńkọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni ìdíyelé, pé kò yẹ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òǹkà náà fúnra rẹ̀ gbè wá lẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń ka àǹfààní ní ìdá-ọgọ́rùn-ún iye ọmọ-ogun kan, tí 1.00 sì túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ kan fi ohun tí ó tó ọmọ-ogun kan sàn ju èkejì. Ní oṣù kejìlá 2022, àwọn tí ó ń ṣe Stockfish yí i padà nínú ẹ̀dà 15.1. Láti ìgbà náà, a tún òǹkà náà tò kí 1.00 lè túmọ̀ sí pé, bí ẹ̀rọ náà bá ń bá ara rẹ̀ ta láti ipò-ọpọ́n yẹn, ẹgbẹ́ tí ó sàn fún yóò borí nínú ìdajì àwọn ayò náà. Bí a bá ti sọ òǹkà yìí ní ‘ìdá-ọgọ́rùn-ún ọmọ-ogun’, ọ̀rọ̀ wa ìbá ti di irọ́ lónìí. ‘Ìdíyelé’ kò yẹ̀, nítorí pé ó sọ irú ohun tí òǹkà jẹ́, kò sọ ohun tí a fi ń kà á.

Ẹ tún kíyè sí i pé ẹ̀rọ tí ń bá ẹ̀rọ ta ni a fi gbé òǹkà náà kalẹ̀. Iye ọjà láàárín alágbàtà méjì ni. Òpè méjì tí wọ́n ń gbafẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù lè má rà á ní iye yẹn.

Àyàfi kan ṣoṣo ni ó wà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ pé ‘ìsémọ́ ní ìṣípò 3’, ìdíyelé kọ́ nìyẹn. Ìwákiri ti dé òpin gbogbo ẹ̀ka, ẹnikẹ́ni sì lè fọwọ́ tọ́ ọ lórí ọpọ́n kí ó rí i pé òótọ́ ni. ‘Ìṣirò-àṣedópin’ ni a ó pè é. Èyí ni ó jọ ìwọ̀n, òun nìkan ni kò gba ìná.

4. Àyẹ̀wò ayò ọmọ ìkọ́ṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́. Dúdú ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà ta. Bí ayò náà ṣe lọ nìyí, ti funfun ni ó ṣáájú:

1. ọmọ-ogun sí e4. Ọmọ-ogun sí e5.
2. ẹṣin sí f3. Ẹṣin sí c6.
3. bíṣọ́ọ̀bù sí c4. Ẹṣin sí f6.
4. ẹṣin sí g5. Ọmọ-ogun sí d5.
5. ọmọ-ogun e4 jẹ d5. Ẹṣin f6 jẹ d5.
6. ẹṣin g5 jẹ f7. Ọba jẹ f7.
7. ayaba sí f3, ìdojúkọ. Ọba sí g8.
8. bíṣọ́ọ̀bù jẹ d5, ìdojúkọ. Ayaba jẹ d5.
9. ayaba jẹ d5, ìdojúkọ. Bíṣọ́ọ̀bù sí e6.
10. ayaba jẹ e6, ìsémọ́.

Ipa-ayò yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ọ̀ta ilẹ̀ Ítálì ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ibi mẹ́ta ni a fẹ́ dúró sí nínú rẹ̀.

Ibi kìíní ni ìparí ìṣípò kẹfà. Bí a bá ka ọmọ ayò gẹ́gẹ́ bí Shannon ti ṣe, funfun ti pàdánù ẹṣin kan àti ọmọ-ogun kan, èyí tí í ṣe 4. Dúdú pàdánù ọmọ-ogun méjì, èyí tí í ṣe 2. Dúdú ni kíkà dá láre. Síbẹ̀, funfun ni ìdíyelé ẹ̀rọ gbè. Ọba dúdú ti bọ́ síta, ẹṣin rẹ̀ tí ó wà ní d5 kò sì lè kúrò níbẹ̀, nítorí pé òun ni ó dínà mọ́ bíṣọ́ọ̀bù funfun kí ó má dojú kọ ọba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘òǹkà-ọmọ-ayò’ àti ‘ìdíyelé’ kò ní í sọ pé ẹ̀rọ ń parọ́.

Ibi kejì ni ìṣípò keje, níbi tí ẹ̀rọ fi àmì ìbéèrè méjì sí. Ohun tí ọmọ náà rò kò burú: ogun dé, kí ọba wọlé. Ẹ̀rọ ní kí ọba bọ́ síwájú, sí e6, láàárín ọpọ́n gan-an. Kí ló fà á? Ọmọ ayò funfun méjì, bíṣọ́ọ̀bù àti ayaba, ni wọ́n dojú kọ ẹṣin tí ó wà ní d5. Ẹ̀ṣọ́ kan péré ni ẹṣin náà ní, èyí nì ayaba dúdú. Ní ìṣẹ́jú náà, ọba nìkan ni ó lè di ẹ̀ṣọ́ kejì, e6 sì ni ojú tí ó ti lè ṣe é. Ní g8, ọba ti fi ẹṣin sílẹ̀, ó sì tún dúró lójú ọ̀nà kan náà tí bíṣọ́ọ̀bù ń gbà bọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìsémọ́ ní ìṣípò 3. Ìṣirò-àṣedópin ni, àwa méjèèjì fọwọ́ tọ́ ọ lórí ọpọ́n títí dé òpin.

Nígbà tí a rí ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn wa kò gùn mọ́: ‘Gbígbé tí o gbé ọba pa mọ́ kọ́ ni àṣìṣe. Ẹṣin rẹ ló ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́ kejì, ìwọ sì rán ẹ̀ṣọ́ náà lọ sùn.’ Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì dá ọba padà sí e6. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó tún pàdánù, ṣùgbọ́n ayò náà kọjá ọgbọ̀n ìṣípò.

Ibi kẹta ni ìṣípò karùn-ún. Ẹ̀rọ kò fẹ́ kí ẹṣin dúdú jẹ d5. Ó fẹ́ kí ẹṣin c6 lọ sí a5 láti dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù. Ìdíyelé ni èyí, ó sì yẹ kí a ná an. Kí funfun tó lè fi ìyà rẹ̀ jẹ dúdú ní ọ̀nà tí ayò yìí gbà, ó gbọ́dọ̀ fi odidi ẹṣin kan tọrẹ, kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé; òpè a máa gbàgbé. Nítorí náà, keje ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́ ọmọ, kí a tó wá sọ ti karùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé karùn-ún ni ó ṣáájú nínú ayò.

5. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́

Ìṣípò tí kò dára ní ipele mẹ́ta nínú àmì ẹ̀rọ. A dá àbá ‘àìpéye’ fún èyí tí ó kéré jù, ‘àṣìṣe’ fún ti àárín, ‘àṣìṣe-gbáà’ fún èyí tí ó ba ayò jẹ́. Bí a bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àṣìṣe, ọmọ yóò rò pé gbogbo ohun tí òun ṣe ni kò dára, ọkàn rẹ̀ yóò sì kúrò níbi ẹ̀kọ́.

Ìlànà mẹ́rin ni a ti rí i pé ó ṣiṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdí ìṣípò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ṣí ẹ̀rọ, nítorí pé ẹni tí ó ti rí ìdáhùn kì í rántí èrò rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó wá ibi tí ìdíyelé ti já wálẹ̀ lójijì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó ta ìṣípò tí ẹ̀rọ kọ̀, kí ó béèrè èsì tí alátakò ìbá fi borí rẹ̀. Èsì yẹn ni ẹ̀kọ́ tòótọ́ wà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ó fi gbólóhùn Yorùbá kan péré sọ ìdí rẹ̀, láìsí òǹkà nínú rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé e.

Ó yẹ kí a fi kún un pé lẹ́yìn ayò ni a ń lo atúpalẹ̀-ayò. Ẹni tí ó bá lò ó nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́ ti rú òfin ayò.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Atúpalẹ̀-ayò: ìlànà-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń wá ìṣípò tí ó sàn jù ní ipò-ọpọ́n kan.
Ipò-ọpọ́n: bí ọmọ ayò gbogbo ṣe wà àti ẹgbẹ́ tí ó kàn láti ta.
Ìṣípò: ohun tí ẹgbẹ́ kan ṣe tí ipò-ọpọ́n fi yí padà.
Ipa-ayò: ìṣípò tí ó tẹ̀ léra láti ipò-ọpọ́n kan.
Ìwákiri: wíwo ẹ̀ka ìṣípò àti èsì wọn, jíjìn rẹ̀ ni iye ìṣípò tí ó wò síwájú.
Ìgé-ẹ̀ka: pípa ẹ̀ka tí kò lè sàn tì láìwò ó tán.
Òǹkà-ọmọ-ayò: àpapọ̀ iye ọmọ ayò tí ẹgbẹ́ kan ní.
Ìdíyelé: òǹkà tí ẹ̀rọ fi sọ bí ipò-ọpọ́n ti sàn fún ẹgbẹ́ kan tó.
Ìṣirò-àṣedópin: ìwákiri tí ó dé òpin ayò, tí kò gba iyèméjì.
Ìdojúkọ, ìsémọ́: ìkọlù sí ọba, ìkọlù tí ọba kò lè bọ́ nínú rẹ̀.
Àìpéye, àṣìṣe, àṣìṣe-gbáà: ipele mẹ́ta ìṣípò tí kò dára.

7. Ìgúnlẹ̀

Àbá ni gbogbo èyí. Àwọn olùkọ́ tí ó bá lò ó nínú kíláàsì ni yóò sọ èyí tí ó dúró àti èyí tí ó yẹ kí a pààrọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ‘ìdíyelé’, a rọ àwọn atúmọ̀-èdè kí wọ́n má tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Atúpalẹ̀-ayò nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ tí ń fi òǹkà dájọ́ láìsọ ìdí. Irú wọn ń pọ̀ sí i lọ́fíìsì àti nílé-ìwé, àwọn ọmọ wa yóò sì bá wọn pàdé. Ẹni tí ó ti kọ́ láti orí ọpọ́n pé a lè ná iye tí ẹ̀rọ dá kò ní í dákẹ́ níwájú wọn.